Lẹ́tà ṣíṣí sí Gómìnà Èkó: ẹ dá iyanrìn dúró, omi ò ríbi lọ mọ́

Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, sí ẹ̀yin ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Aláúsá, àti sí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n lọ da iyanrìn sínú ọ̀sà àti àbàtà.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn, torí ohun tó wà nílẹ̀ yìí ti kọjá ìkíni.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé àwa tá à ń gbé lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ tún ti rí páìpù ńlá tí wọ́n fi ń fa iyanrìn látinú ọ̀sà, wọ́n ti tẹ́ ẹ wọnú àbàtà tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, àbàtà yìí sì ni gbogbo omi òjò àdúgbò máa ń sá lọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbí. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ri bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ pé àwọn gbàṣẹ ìjọba. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí wọ́n ní ká kọ ọ́ sí, wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa, ó parí síbẹ̀, páìpù ò dúró. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà tàbí ọ́fíìsì ọ̀hún torí ọ̀rọ̀ yìí ju tàdúgbò kan lọ, tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò láti Jakande títí dé Awóyáyá ẹ máa rí irú ẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyí: ìjọba Èkó ń fàyè gba kí wọ́n máa ta ibi tí omi ń sá sí, owó ibẹ̀ ń lọ sápò àwọn kan, omi tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ wá ń wọlé tọ ẹni tí ò jẹ nínú owó náà. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ilẹ̀ Èkó ṣe rí. Èkó ló kéré jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, gbogbo ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3,577 kìlómítà níbùú lóròó, tá a bá sì pín in sọ́nà 100, nǹkan bí 22 ló jẹ́ omi. Odò Ògùn ń bọ̀ láti òkè, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó já sí ọ̀sà lápá Agbóyì. Odò Ọ̀ṣun náà ń bọ̀ tiẹ̀, ó gba apá Ẹ̀pẹ́ wọ ọ̀sà Lẹ́kkí. Odò Yewa gba apá Àgbádárìgì. Gbogbo omi yìí, títí kan èyí tó rọ̀ sórí páànù wa, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣe gúnmọ́ ni wọ́n ń bá bọ́ sókun, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá àti Tin Can. Òkun sì máa ń kún, ó máa ń fà, ojoojúmọ́ ni. Tó bá kún lásìkò tójò ńlá ń rọ̀, omi ọ̀sà ò ní rọ́nà jáde, omi gọ́tà ò sì ní rọ́nà wọ ọ̀sà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń ṣàlàyé eléyìí lórí rédíò, pé òkun ló kún, kí aráàlú ní sùúrù fún wákàtí díẹ̀, omi máa fà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò bá wọn jiyàn rárá. Ìbéèrè tèmi ni pé láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, níbo lomi ń dúró sí? Tẹ́lẹ̀, inú àbàtà ló ń dúró sí. Yàrá ìdúró omi ni àbàtà Èkó jẹ́, àwọn ibi tí ọ̀pẹ etí omi hù sí, àwọn àkùrọ̀ tẹ́nì kankan kì í kọ́lé sí torí ẹsẹ̀ èèyàn á rì. Ibẹ̀ lẹ wá ń fọwọ́ sí pé kí wọ́n da iyanrìn kún báyìí, wọ́n á gbé e ga ju ojú títì tiwa lọ, wọ́n á mọ fẹ́ńsì yí i ká, wọ́n á gbé géètì sí i. Omi tó ń dúró síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò gbẹ o, ó ń wá ibòmíì dúró sí ni, ibòmíì ọ̀hún sì ni pálọ̀ wa.

2. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òjò Èkó bá òun lójijì. March tàbí April ló ń bẹ̀rẹ̀, ó ń le sí i títí dé June, July náà kì í gbẹ̀yìn, ó ń sinmi díẹ̀ ní August, ó tún ń padà dé ní September àti October. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ìjọba Èkó náà ń pe àwọn oníròyìn jọ láti sọ ìgbà tójò máa bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ní July 10, 2011, òjò tó lé ní 200 mìlímítà rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀mí sì ṣòfò. July 2017, títì Lẹ́kkí àti Victoria Island di odò. July 2021, mọ́tò ń léfòó lójú títì, gbogbo ayé rí i lórí fóònù. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, mi ò rántí ọdún kan tí típà iyanrìn ò máa kọjá níwájú ilé wa.

Bóyá àwọn kan nínú yín ò gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnu ọ̀nà kọ́ lomi kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Ihò tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde ló máa kọ́kọ́ yọ nínú ẹ̀, dúdú, tòun ti òórùn ṣọkawéè, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sun láàárín táìsì kan sí èkejì ní yàrá. Tó o bá ti rí i báyẹn, ohun tí àsìkò gbà ọ́ láyè ẹ̀ ò ju kó o yọ fíríìjì nínú iná, kó o gbé jẹnẹrétọ̀ sórí tábìlì, kó o ju ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ àti ìwé ilẹ̀ sókè wọ́ọ̀dúróòbù, kó o gbé màmá àgbà sórí àga. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì lé lọ́pọ̀ ilé ládùúgbò wa, wọn kì í yọ ọ́ mọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn tiẹ̀ dé. Obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín ní ìkángun títì wa, fírísà ẹ̀ méjèèjì ló léfòó, ẹja tó fowó àjọ rà bàjẹ́ sínú omi ṣọkawéè, àwọn alájọ ò sì dáwọ́ dúró dè é. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan pé ó pàdánù nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ń ka èrè tó wà nínú sísọ àbàtà di èsítéètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ti obìnrin yìí náà mọ́ ọn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá leji ń pa. Ní Èkó báyìí, èèyàn ló ń yan ẹni tí eji máa bá.

3. Ọ̀rọ̀ dáàmù Òyán. Láti 1983 ni wọ́n ti ṣí i, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń darí ẹ̀. Tó bá ti di September sí October tí dáàmù ti kún, wọ́n á tú omi sílẹ̀, omi náà á gba odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn ará Ìṣẹ́rì, Agbóyì-Kétu, Owódé Onírin, Mile 12, àti Àjẹ́gúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ní 2010, àwọn ará Àjẹ́gúnlẹ̀ yẹn rí mọ̀-ọ́n-lára, omi gba ilé wọn, ó sì dúró síbẹ̀. Látìgbà náà, ohùn kan náà là ń gbọ́ lọ́dọọdún: kẹ́ ẹ kó lọ sí ilẹ̀ gíga.

Ilẹ̀ gíga wo? Ẹni tó ń san rẹ́ǹtì yàrá kan ní Mile 12 torí pé ẹ̀bá ọjà ló ti ń jẹun, ṣé ẹ fẹ́ kó lọ gba ilé sí Ìkẹjà ni? Dáàmù ò ṣeé gbé kúrò, mo mọ̀, ó sì wúlò, omi mímu wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ odò Ògùn, ibi tí odò náà máa ń tẹ́ sí tó bá kún, wọ́n ti da iyanrìn sí púpọ̀ nínú ẹ̀ láti Ìṣẹ́rì wálẹ̀, nítorí náà omi tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀ ń gba àárín ilé wá pẹ̀lú agbára. Ìjọba mẹ́ta ló ní ọwọ́ nínú ẹ̀, ti àpapọ̀, ti Ògùn àti ti Èkó, aráàlú ò sì mọ èyí tó yẹ kó dì mú. A fẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn jókòó, kí iye omi tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ máa jáde lójoojúmọ́ láti August, lórí Radio Lagos àti gbogbo rédíò tó ń sọ Yorùbá, kí wọ́n sọ ọ́ ní Ègùn àti Ìlàjẹ náà, kí wọ́n sì dárúkọ àdúgbò ní pàtó. Ìkéde pé "àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò kí wọ́n ṣọ́ra" kì í ṣe ìkéde.

4. Ní ti òkun, ó ti lé ní 100 ọdún tó ti ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà táwọn òyìnbó amúnisìn fẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, wọ́n to òkúta wọ inú òkun lápá méjèèjì ẹnu ọ̀nà ọ̀sà. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan, ìwọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀, ìlà oòrùn ló ń lọ, ìgbì omi ló ń gbé e. Òkúta yẹn dá a lọ́nà. Lápá ìwọ̀ oòrùn, lọ́wọ́ Tarkwa Bay, iyanrìn gbá jọ. Lápá ìlà oòrùn, Bar Beach, etíkun Victoria Island, ò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ìjọba kan lọ òmíì dé, gbogbo wọn ń náwó kó iyanrìn wá síbẹ̀, òkun ń gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà ni Eko Atlantic dé, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òkun tó nǹkan bí 10 kìlómítà níbùú lóròó, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n ní gígùn ẹ̀ máa tó 8.5 kìlómítà. Mi ò ní sọ pé ògiri náà ò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún Victoria Island, ẹni tó bá mọ bí omi òkun ṣe máa ń ya bo títì Ahmadu Bello tẹ́lẹ̀ máa jẹ́rìí sí i. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bar Beach lẹ́yìn òkúta àkọ́kọ́, àdúgbò wo ló máa ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn ògiri tuntun? Ní August 2012, òkun ya wọ etíkun Kúrámò, ó gbé èèyàn lọ. Àwọn ará Òkun Alfa, lápá ìlà oòrùn níbẹ̀, ti ń pariwo látọdún yẹn wá pé òkun ń jẹ ìlú àwọn, ó gba títì, ó gba ilé. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà ní kì í ṣe àwọn ló fà á. Ìjọba ìpínlẹ̀ to òkúta wọ òkun lápá Lẹ́kkí láti dín in kù, a dúpẹ́ fún ìyẹn. Síbẹ̀, wíwọn etíkun ò le tó bẹ́ẹ̀: kí àwọn onímọ̀ láti University of Lagos àti àjọ tó ń ṣèwádìí òkun, tí ò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀, máa wọn etíkun láti Tarkwa Bay dé Ìbẹ̀jú lọ́dọọdún, kí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde kí gbogbo wa rí i. Tí ògiri náà ò bá jẹ̀bi, ìwọ̀n yẹn máa dá a láre. Tó bá jẹ̀bi, kí ẹni tó ń jèrè níbẹ̀ san owó fún Òkun Alfa.

Ọ̀nà márosẹ̀ etíkun láti Èkó dé Calabar náà ti ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kó omi tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

5. Èyí ló ń dùn mí jù. July 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò, àwọn èèyàn tí wọ́n ní wọ́n tó nǹkan bí 300,000 ni ò rílé mọ́. Ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ, omi máa bò ó, ó nílò iyanrìn. Wọ́n lé wọn tán, wọ́n da iyanrìn sí i, ta ló wá ń gbébẹ̀ lónìí? Ẹ wọ apá Oníru, ẹ wò ó fúnra yín. Ní July 2012, wọ́n fún àwọn ará Mákókó, àdúgbò àwọn apẹja lójú ọ̀sà, ní ìwé wákàtí 72, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilé wọn lulẹ̀. Láàárín 2016 sí 2017, ó kan Òtòdò Gbàmẹ̀, àdúgbò apẹja míì, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó sì ti sọ pé ìwà ìkà ni lílé èèyàn báyẹn láìpèsè ibi tí wọ́n máa lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì padà lọ parí ẹ̀.

Àwọn apẹja yìí mọ omi. Òpó ni wọ́n gbé ilé wọn lé, omi ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, wọn ò dí ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Òfin tó ní kí wọ́n kúrò torí pé wọ́n wà lójú omi, òun náà ló fàṣẹ fún ẹlòmíì pé kó da iyanrìn sójú omi kan náà, kó kọ́ ilé alájà márùn-ún síbẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Ègùn tí wọ́n ba ọkọ̀ bàbá ẹ̀ jẹ́?

Mo gbà pé láti bí ọdún díẹ̀ yìí, ẹ ti ń wó ilé tó wà lójú kànáàlì, kódà ti àwọn olówó lápá odò Ìkọta àti Orchid, ẹ ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣeun, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lára àwọn tí wọ́n wó ilé wọn fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún ńkọ́? Katakátá ń wó ilé ẹni tó ra ilẹ̀, ẹni tó ta á àti ẹni tó lu òǹtẹ̀ sí i ń lọ sílé wọn láìsí ìbéèrè. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì rí báyẹn, ìwé míì máa jáde lọ́la, ẹ sì tún máa padà wá wó o.

6. Àwọn kan máa sọ pé mi ò fẹ́ ìdàgbàsókè. Mo fẹ́ ẹ. Pọ́ọ̀tù Lẹ́kkí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú tó lè fọ 650,000 àgbá epo lóòjọ́, rélùwéè aláwọ̀ búlúù láti Marina dé Mile 2, gbogbo ẹ̀ ni mo rí, iṣẹ́ ńlá ni. Omi ló sọ Èkó di Èkó, torí èbúté lòyìnbó fi gbà á ní 1861, torí èbúté ni gbogbo ẹ̀yà fi ń wọ́ wá síbẹ̀ di òní. Owó tí ìpínlẹ̀ yìí pa wọlé fúnra ẹ̀ ní 2023 lé ní 800 bílíọ̀nù náírà, kò sí ìpínlẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa pé tí Èkó ò bá ta àbàtà, ebi máa pa á.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì ìṣirò náà. Iyanrìn ti di ọjà gidi, típà lórí típà, dẹ́rẹ́jà, ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn lábẹ́ omi, ń fà á tọ̀sántòru. Ibi tí wọ́n bá ti fà á, ìsàlẹ̀ ọ̀sà á di kòtò, omi á dàrú, ẹyin ẹja á bàjẹ́, èpìyà àti ọ̀bọ̀kún á sá. Apẹja tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ nítòsí ilé tẹ́lẹ̀ ti ń ra epo sínú ẹ́ńjìnnì láti lọ wá ẹja lọ́nà jíjìn, páìpù dẹ́rẹ́jà tún ń fa àwọ̀n ẹ̀ ya. Obìnrin tó ń yan ẹja ń ra á wọ́n, àwa tá à ń jẹ ẹ́ ní Èkó ń ra á wọ́n. Ọjọ́ tí òjò bá mú ọ̀nà Lẹ́kkí, òṣìṣẹ́ ò débi iṣẹ́, tírélà tó gbé ẹrù láti pọ́ọ̀tù ò kúrò lójú kan. Owó tó ń tibẹ̀ lọ ò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kankan, àwa là ń san án.

7. Omi mímu. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ìdí omi Ìjù ti wà láti ayé òyìnbó, ti Àdìyàn tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò lẹ́bàá òkun ò rí ẹ̀rọ omi ìjọba rí, bóhùòlù lẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́. A fa omi abẹ́ ilẹ̀ títí omi iyọ̀ fi ń wọ̀ ọ́. Tiwa ládùúgbò, ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀, ó ń sọ táìsì funfun di pupa bí ìpẹtà, kẹ́tùlù ò pé oṣù díẹ̀ tó fi ń ṣẹ́ èèpá nínú. Fífa omi abẹ́ ilẹ̀ báyẹn tún máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ rì. Ohun tó ń rì Jakarta mọ́lẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú òkun tó ń ga, débi tí Indonéṣíà fi pinnu ní 2019 pé àwọn máa kó olú-ìlú àwọn lọ síbòmíì. Àwa ò ní ibòmíì tá a máa kó Èkó lọ.

8. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. A mọ̀ pé NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà omi, àti ìpínlẹ̀ ti bá ara wọn fà á lórí ojú omi yìí, a mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní January 2024 pé NIWA ló láṣẹ lórí rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n bá dá sílẹ̀ tán, ta ló ń fún un ní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fọwọ́ sí? Ta ló ń fọwọ́ sí pílánù ilé tó wà lórí ẹ̀? Ta ló ń gba owó orí ilẹ̀ níbẹ̀? Ìpínlẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ bá sọ pé kò ní sí C of O àti pílánù fún ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àbàtà, kò sẹ́ni tó máa kó owó ẹ̀ da sómi. Agbára yẹn wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò nílò Abuja kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ohun tá à ń bèèrè nìyí.

Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ dá gbogbo àṣẹ tuntun lórí dída iyanrìn sí ọ̀sà àti àbàtà dúró lónìí, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, títí èyí tó kù nínú àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí á fi di ṣíṣe. Èyí tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀ bíi ti ẹ̀yìn àdúgbò wa, kí wọ́n dáwọ́ dúró kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ gbé gbogbo àṣẹ tí ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí láti 2010 síta: orúkọ ilé-iṣẹ́, ibi tí ilẹ̀ wà, bó ṣe fẹ̀ tó, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ibi tí wọ́n ní kí omi ibẹ̀ máa gbà. Òfin EIA ti 1992 sọ pé kí wọ́n yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe fún àyíká wò ṣáájú, kí aráàlú sì láǹfààní láti sọ tẹnu wọn. Ìwé èdè òyìnbó tó nípọn, tí wọ́n gbé sí ọ́fíìsì kan tí apẹja ò lè wọ̀, kò fún ẹnikẹ́ni láǹfààní kankan. Ẹ kó wọn wá sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kà á ní Yorùbá àti Ègùn, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbébẹ̀ bi yín ní ìbéèrè kó tó di pé páìpù dé.

Kẹ́ ẹ ya àwòrán ilẹ̀ gbogbo àbàtà tó ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ fi òfin dè é, kó jẹ́ òfin tí Ilé Aṣòfin ṣe, tí gómìnà kan ò ní lè fi bírò yí padà. Ẹ̀yin aṣòfin, iṣẹ́ yín nìyí, ẹ ò tíì ṣe é. Ìlú ilẹ̀ Nẹ́dálándì tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gá nínú dídá omi dúró, àwọn fúnra wọn ti fún odò láyè sí i ní ibi tó lé ní 30, láwọn ibì kan wọ́n sún ògiri odò sẹ́yìn, wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ lówó kí wọ́n kúrò, kí odò lè ríbi tẹ́ sí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti lò ni wọ́n padà fún omi. Tiwa ṣì wà níbẹ̀, ohun tá à ń bẹ̀ yín ò ju kẹ́ ẹ má gbà á.

Kẹ́ ẹ ṣèwádìí àwọn òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí ilé lójú kànáàlì, kẹ́ ẹ sọ orúkọ wọn àti ohun tẹ́ ẹ ṣe fún wọn.

Ìlànà ìjọba yín lórí ojú ọjọ́, èyí tẹ́ ẹ ṣe fún 2020 sí 2025, àti ìwé ìlànà tẹ́ ẹ gbé jáde ní 2020 lórí bí Èkó ṣe máa dúró lójú ewu, wọ́n dáa lójú ìwé. Ẹ sọ fún wa ní gbangba èyí tẹ́ ẹ ti ṣe nínú ẹ̀ àti èyí tẹ́ ò tíì ṣe, àdúgbò sí àdúgbò.

Òjò àkọ́kọ́ lè rọ̀ ní March. A fẹ́ kẹ́ ẹ pe ìpàdé ìta gbangba kan kó tó dìgbà yẹn, lọ́nà Ajá níbí, kì í ṣe ní Aláúsá, kí kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí àyíká àti èyí tó ń rí sí ètò ìlú wá fúnra wọn, kí wọ́n sì mú fáìlì àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń da iyanrìn sí láti Jakande dé Ẹ̀pẹ́ dání. A máa kó àwọn apẹja, àwọn ọlọ́jà, àwọn ìyálé ilé àti àwọn lándílọ́ọ̀dù wá. Ẹ dá ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kàn kéde ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé ọ̀nà Ajá kan, lórúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀